Ẹ Bi Wá: Àwọn Tó Ń Gba Ohùn Sílẹ̀ Nílùú Ọba

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Máìkì mẹ́ta péré la ní ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, a sì fẹ́ fi gba ohùn dírọ́ọ̀mù sẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Bí a ṣe tò wọ́n, ohùn snare (ìlù pẹlẹbẹ tó ní wáyà lábẹ́) kì í kún, ńṣe ló máa ń tínrín. Wọ́n ní àwọn ará Ìlú Ọba ti fi máìkì mẹ́ta gba orin ńláńlá sílẹ̀ rí. Ṣé òótọ́ ni? – Olórí akọrin, Òkèsà, Iléṣà

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Glyn Johns, ọ̀gá nínú gbígba ohùn sílẹ̀, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ètò náà. Òun ló gba àwo àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ olórin rock Led Zeppelin sílẹ̀ ní ilé ìgbohùnsílẹ̀ Olympic, ní Barnes, Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dún 1968.

Ẹ gbé máìkì kìíní sókè snare, kó fi bíi mítà kan jìnnà sí awọ rẹ̀, kó sì dojú kọ ọ́. Ìkejì á wà lápá ọ̀tún onílù, lẹ́yìn floor tom (ìlù tó dúró nílẹ̀), kó fi bíi sẹ̀ǹtímítà 15 ga ju etí ìlù náà lọ, kó wá kọjú sí snare àti hi-hat (kímbálì méjì tí wọ́n ń fẹsẹ̀ pa dé) lódìkejì. Ẹ gbé ìkẹta síwájú ìlù ńlá tí wọ́n ń fẹsẹ̀ lù.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ rèé: ìkíní àti ìkejì gbọ́dọ̀ jìnnà sí àárín snare bákan náà. Ẹ má fojú wọ̀n ọ́n o. Kí ẹnì kan fi ìka tẹ orí okùn mọ́ àárín snare, ẹ fà á dé ẹnu máìkì òkè, ẹ ta á ní kókó níbẹ̀. Kókó yẹn náà ló gbọ́dọ̀ kan ẹnu máìkì ẹ̀gbẹ́. Ìró máa ń rin bíi sẹ̀ǹtímítà 34 nínú ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún sẹ́kọ́ńdì. Bí máìkì kan bá fi ìwọ̀n yẹn jìnnà ju ìkejì lọ, ìró kan náà á wọlé lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan á pẹ́. Tẹ́ ẹ bá pa wọ́n pọ̀, ohùn tó wà ní nǹkan bíi 500 Hz (tó ń gbọ̀n nígbà 500 ní sẹ́kọ́ńdì kan) á pa ara rẹ̀ rẹ́, ó sì wà lára ohun tó ń mú kí snare kún. Ó jọ pé ohun tó ń ṣe tiyín nìyẹn.

Lórí mixer, ẹ yí máìkì ẹ̀gbẹ́ sósì pátápátá, ti òkè sí agbedeméjì ọ̀tún, kí ti ìlù ńlá wà láàárín. Ẹ wá tẹ mono, kí gbogbo ohùn pa pọ̀ di ọ̀kan. Bí snare bá tún tínrín, ẹ máa sún máìkì ẹ̀gbẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi máa kún.

Bí àjà ṣọ́ọ̀ṣì yín bá kúrú, ẹ ta bùláńkẹ́ẹ̀tì sókè máìkì òkè, torí ìró tó ń ta padà láti àjà náà máa ń ba nǹkan jẹ́. Bí onílù bá sì ń gbá kímbálì bí ẹni ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí ẹ̀lùbọ́, kò síbi tẹ́ ẹ gbé máìkì sí tó lè gbà yín.

Ti ìlù ńlá, ẹ ki aṣọ sínú rẹ̀. Lọ́dún 1966 ní Abbey Road, ilé ìgbohùnsílẹ̀ EMI ní Lọ́ńdọ̀nù, Geoff Emerick tó ń gba ohùn sílẹ̀ níbẹ̀, ọmọ ogún ọdún, ki súwẹ́tà onírun sínú ìlù Ringo Starr, onílù ẹgbẹ́ Beatles, ó sì sún máìkì mọ́ ọn ju bí òfin EMI ṣe gbà lọ. Ẹ̀rù ń ba àwọn EMI pé atẹ́gùn ìlù á ba máìkì jẹ́.

Ìbéèrè: Mo ṣe ẹ̀dà ohùn olórin kan nínú kọ̀ǹpútà, mo gbé e lé ti àkọ́kọ́ kó lè nípọn. Ariwo nìkan ló fi kún un. – Lágéèrè, Ilé-Ifẹ̀

Ìdáhùn: Ohun méjì tó bára mu délẹ̀délẹ̀, ohun kan ṣoṣo tó dún sókè ni. Torí pé ó ti sú John Lennon ti Beatles láti máa kọ orin kan náà lẹ́ẹ̀mejì ni Ken Townsend, onímọ̀ ẹ̀rọ, ṣe gbé ADT (ọgbọ́n tí ẹ̀rọ fi ń sọ ohùn kan di méjì) kalẹ̀ ní Abbey Road lọ́dún 1966. Ó fi ohùn náà gba inú ẹ̀rọ tépù kejì, ó sì ń yí eré ẹ̀rọ náà díẹ̀díẹ̀, kí ohùn kejì má bàa bá àkọ́kọ́ rìn gérégéré.

Ẹ sún ẹ̀dà yín sẹ́yìn ní ms 20 sí 40 (ms kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún sẹ́kọ́ńdì), ẹ dín ohùn rẹ̀ kù ní dB (ìwọ̀n bí ohùn ṣe lọ sókè tó) 3 sí 6. Ẹ gé e ní gbólóhùn-gbólóhùn, kí ìsúnsẹ́yìn ìkan má bá ti ìkejì dọ́gba. Bí kò bá tó ms 10, ohùn á ṣófo. Bó bá kọjá 50, etí á gbọ́ ẹni méjì. Ẹ gé «s» àti «t» kúrò lára ẹ̀dà, wọ́n máa ń ta síra.

Ìbéèrè: Ta ló ṣe orin ìbẹ̀rẹ̀ Doctor Who, eré tẹlifíṣọ̀n BBC, gan-an? – Akẹ́kọ̀ọ́, OAU

Ìdáhùn: Ron Grainer kọ ọ́, ṣùgbọ́n Delia Derbyshire ló sọ ọ́ di ohun tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́, ní Radiophonic Workshop, ẹ̀ka tó ń fi ẹ̀rọ ṣẹ̀dá ohùn ní BBC, lọ́dún 1963. Ó gba ohùn kọ̀ọ̀kan sórí tépù, ó gé e, ó lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Lórí tépù tó ń sáré ínǹṣì 15 ní sẹ́kọ́ńdì kan, ohùn ìdajì sẹ́kọ́ńdì gba ínǹṣì 7 àbọ̀. Rúlà àti bíléèdì ni irinṣẹ́ wọn nígbà yẹn. Grainer fẹ́ kí òun àti Derbyshire jọ pín owó orin náà, BBC ní kò ṣeé ṣe. Ọdún 2013 ni orúkọ Derbyshire ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lójú tẹlifíṣọ̀n, ó sì ti kú láti 2001.