Àbúrò mi tó fi sìgá sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, má tíì padà

Àbúrò mi, o ní láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí o ti fi sìgá sílẹ̀, ńṣe ni ikọ́ ń pọ̀ sí i, oorun kò kun ojú rẹ, gbogbo ọ̀rọ̀ ló sì ń bí ọ nínú. O wá ń béèrè pé èrè wo gan-an ló wà níbẹ̀, àti pé báwo la ṣe ń fara dà á. Awakọ̀ ni mí, ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ni mò ń ná, mo sì ti ń mu sìgá láti ìgbà tí mo ti ń ṣe kọ̀ńdọ́. Ó ti pẹ́ báyìí tí mi ò ti fi kan ẹnu mọ́.

Èrè yẹn ti bẹ̀rẹ̀, ìnira ló bò ó mọ́lẹ̀. Ìṣẹ́jú 20 péré lẹ́yìn sìgá tí o mu gbẹ̀yìn, ọkàn tó ń sáré ti ń rọlẹ̀. Carbon monoxide wà nínú èéfín sìgá, oró kan náà tó wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń pa àwọn tó bá tàn án sínú ilé sùn. Ńṣe ló máa ń gba àyè mọ́ afẹ́fẹ́ gidi lọ́wọ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Kí ọjọ́ kejì tó parí, ó ti kúrò lára rẹ. O ò rí i, ṣùgbọ́n ó ti lọ.

Ní ti ikọ́, àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ bí irun wà nínú ọ̀nà èémí wa tó ń gbá ìdọ̀tí àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ síta. Èéfín sìgá kì í jẹ́ kí wọ́n lágbára. Tí èéfín bá ti dáwọ́ dúró, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ohun tó ti kóra jọ síbẹ̀ á wá máa jáde. Ohun tí mò ń tu lẹ́nu nígbà yẹn dẹ́rù bà mí gidi, títí ó fi lọ. Ṣùgbọ́n tí o bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ẹ, tàbí tí àyà ń dùn ọ́, tàbí tí ikọ́ náà bá kọjá ọ̀sẹ̀ 2, má rò pé ti sìgá nìkan ni. Lọ sí ilé ìwòsàn, kí wọ́n yẹ̀ ọ́ wò bóyá ikọ́ ife ni.

Oorun ńkọ́? Jẹ́ kí n bi ọ́: ṣé kì í ṣe obì lo fi rọ́pò sìgá? Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kafeéìnì, èròjà tó ń lé oorun lọ, wà nínú obì bó ṣe wà nínú kọfí, ẹ̀dọ̀ ẹni tó ń mu sìgá sì máa ń tètè fọ́ ọ dànù. Tí sìgá bá ti kúrò, á máa pẹ́ lára ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Awẹ́ obì tí kò ṣe ọ́ ní nǹkan kan tẹ́lẹ̀ lè wá jẹ́ kí o lajú sílẹ̀ mọ́jú, kí àyà rẹ sì máa já. Dín in kù sí ìdajì, má sì jẹ ẹ́ lẹ́yìn ọ̀sán. Dókítà tó là á yé mi fi kún un pé ẹni tó bá ń lo oògùn ikọ́ fée tí wọ́n ń pè ní theophylline, tàbí oògùn ọpọlọ bíi olanzapine àti clozapine, gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà rẹ̀ pé òun ti fi sìgá sílẹ̀, torí wọ́n lè ní láti yí ìwọ̀n rẹ̀ padà.

Ìbínú yẹn, nicotine, èròjà inú tábà tó ń di bárakú, ni ara ń wá. Ọjọ́ kejì sí ìkẹta ló máa ń le jù, á sì máa rọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 4. Sọ fún àwọn ará ilé rẹ kí wọ́n lè mọ̀ pé kì í ṣe àwọn lò ń bá jà.

Tí ara bá ń béèrè sìgá, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, kì í pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Má rò ó dé ìyókù ayé rẹ. Ìṣẹ́jú yẹn nìkan ni kí o là kọjá. Ní gáréèjì, tí ọkọ̀ kò bá tíì kún, mo máa ń yẹ omi ẹ́ńjìnnì wò, mo máa ń nu gíláàsì, pákò sì wà lẹ́nu mi. Ọ̀tá tó le jù ni ẹyọ kan ṣoṣo. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lórí tábà ní 2015 ka títa sìgá lẹ́yọ lẹ́yọ léèwọ̀, síbẹ̀ o mọ bí àwọn alátẹ ṣe ń tà á. Mo yẹra fún ìdí ọlọ́tí fún ìgbà díẹ̀, torí ọtí ló máa ń pè é wá. Jọ̀wọ́, má fi aṣáà rọ́pò rẹ̀, nicotine náà ló wà níbẹ̀. Tí agbára rẹ bá ká a, àwọn ilé ìpoògùn ńlá ń ta ṣingọ́ọ̀mù nicotine àti èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fi wọ́n sára àwọn oògùn kòṣeémánìí láti 2009.

Wàyí o, ẹ̀rù jẹjẹrẹ kọ́ ló mú mi dúró, torí ẹni tó ń mu sìgá ti gbọ́ ìyẹn títí. Ohun tí mo lè fọwọ́ kàn ni. Owó sìgá òòjọ́ ni mò ń dá fún alájọ, nígbà tí mo kó o lóṣù àkọ́kọ́, mo fi kún owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ, ìyàwó mi kò sì gbà á gbọ́. Òórùn irú nínú ọbẹ̀ tún padà sí imú mi. Nígbà tó máa fi tó oṣù 3, mo pààrọ̀ táyà lẹ́bàá ọ̀nà láìmí hẹlẹhẹlẹ. Tó bá tó ọdún kan, ewu àrùn ọkàn tí sìgá ń fà á ti dín kù sí bí ìdajì.

Tó bá ṣẹlẹ̀ pé o fa ọ̀kan, ju ìyókù nù kí o máa bá tìrẹ lọ. Wá alájọ lọ́la, kí o dín obì yẹn kù, kí o sì padà wá sọ bí oorun ṣe rí fún wa.