Ẹ̀jẹ̀ 138/88: ẹ má gba "ó ga díẹ̀" o

Àǹtí, ẹ ní 138/88 ni wọ́n wọ̀n fún yín ní kẹ́mísì, ẹ wá ń bèèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ ríru ni, bóyá kí ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí.

Ní 2019, ọsibítù kan n'Ìbàdàn wọ̀n mí: 162/98. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sórí pépà pélébé, ó ní, "Ó ga díẹ̀, bàbá, ẹ lọ sinmi." Ó parí! Orí ò fọ́ mi, òòyì ò kọ́ mi. Mo ki pépà bọ àpò ṣòkòtò. Lẹ́yìn oṣù méje, mo ń jẹ ẹ̀bà lọ́jọ́ Sátidé kan, òkèlè jábọ́ lọ́wọ́ mi. Mo bu òmíràn, òun náà jábọ́. Ìyàwó mi pè mí, mo dáhùn, ohun tó jáde lẹ́nu mi ò jọ Yorùbá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí bẹ́ẹ̀dì. Títí dòní, ọwọ́ ọ̀tún mi ò lè de bọ́tìnnì. Dókítà tún wá ń bú mi pé kí ló dé tí mi ò tètè wá. Ta ló sọ fún mi?

Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ tó dára kì í tó 120/80. Lọ́dọ̀ wa, bí tòkè (nọ́ńbà àkọ́kọ́) bá dé 140, tàbí tìsàlẹ̀ (ìkejì) bá dé 90, tí wọ́n sì bá a bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ọ̀kan nínú méjèèjì ti tó. Àwọn Amẹ́ríkà ti fà á wálẹ̀ sí 130/80 láti 2017. Tó bá jẹ́ pé ilé lẹ ti wọ̀n ọ́n, 135/85 ni ààlà. Kẹ́mísì ni wọ́n ti wọ̀n yín, 140/90 ni ààlà tiyín. Ẹ ò rí i, bèbè lẹ wà.

Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, ẹ ti mọ ìyẹn. Ohun tí àwọn kẹ́mísì kì í sọ ni pé bí apá bá tóbi, tí aṣọ tí wọ́n wé mọ́ ọn kéré, iye tó máa gbé jáde á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Alágbo inú ọkọ̀ tó ní ọjọ́ mẹ́ta ló máa lọ, ẹ má dá a lóhùn. Ọ̀rẹ́ mi kan tìtorí ẹ̀ pa oògùn tì, ojú ẹ̀ rí màbo. Bí ẹ bá sì rí 180/120, tí àyà ń dùn yín tàbí ẹnu ń wọ́, ọsibítù ni lójú ẹsẹ̀.

Háà, oògùn lẹ bèèrè. Ẹ má tìtorí ẹ̀ẹ̀kan rà á. Ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ gbé e lọ bá dókítà. Bó bá ní "ó ga díẹ̀," ẹ má dìde lórí àga títí yóò fi sọ iye tó jẹ́.