Má tíì pọ́n ọ̀bẹ tó o fẹ́ fi ránṣẹ́ síbi iná

Àbúrò, o ní o fi sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù ṣe ọ̀bẹ alápatà kan ní Ọ̀fà, o fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Èkó lọ́dọ̀ àwọn tó ní ilé iná oníná mànàmáná kí wọ́n bá ọ mú un le, o wá ń béèrè bóyá kó o pọ́n ọn tán kó tó lọ. Má pọ́n ọn. Tó bá jẹ́ ìyẹn nìkan lo fẹ́ gbọ́, ó parí. Àmọ́ torí owó mọ́tò àti owó iná tó o máa san, jẹ́ n sọ ọ́ délẹ̀.

Ọ̀bẹ àwọn alápatà àti ti àwọn tó ń dúńbú ẹran Iléyá ni mo máa ń ṣe n'Ílọrin níbí. Ojú mi ti rí oríṣiríṣi ọ̀bẹ tó ti ibi iná dé: èyí tó wọ́, èyí tó là láti ẹnu dé ẹ̀yìn, èyí tí fáìlì ṣì ń jẹ bí ẹni pé kò délẹ̀ iná rárá. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ẹni tó gbé ọ̀bẹ wá ló ti bà á jẹ́ kó tó kúrò nílé.

Ìdí tí a kì í fi pọ́n ọn nìyí. Ẹnu tó fẹ́lẹ́ máa ń tètè gbóná ju ẹ̀yìn lọ, tí wọ́n bá sì rì í bọnú epo, òun náà ló máa kọ́kọ́ tutù. Ẹnu á ti gan nígbà tí ẹ̀yìn ṣì ń sún kì. Wọ́n á máa fa ara wọn, ọ̀bẹ á wọ́, tàbí kó là. Ohun kejì ni pé afẹ́fẹ́ inú iná máa ń jẹ kábọ́ọ̀nù, èròjà tó ń jẹ́ kí irin lè le, kúrò lára irin, awọ òkè tó bá sì ti pàdánù kábọ́ọ̀nù kì í le. Bó o bá ti pọ́n ẹnu tán, awọ tí kò le yẹn ló kù fún ọ láti fi gé ẹran. Torí náà, fi ẹnu sílẹ̀ kó nípọn tó káàdì ATM. Gbé káàdì rẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀bẹ, fi èékánná tọ́ méjèèjì wò. Káàdì yẹn jẹ́ 0.76 mm, bí ọ̀bẹ bá gùn, jẹ́ kó pé 1 mm. Tó bá ti ibi iná dé lo máa fá ìyókù kúrò.

Èyí tó ká mi lára jù ni irin fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń ta irin àlòkù á sọ fún ọ pé irú irin tí wọ́n ń pè ní 5160 ni gbogbo sípíríǹgì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé ó wọ́pọ̀, àmọ́ irin sípíríǹgì míì wà bíi 9260, SUP9 tàwọn ará Japan náà wà. Alágbẹ̀dẹ tó jókòó ti ẹwìrì nínú ilé arọ ń fi ojú wo àwọ̀ irin, bó bá rí i pé kò tíì tó, á fẹ́ iná sí i. Ilé iná oníná mànàmáná kò lójú ní tiẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n bá tẹ̀ fún un ló mọ̀. 5160 ń fẹ́ nǹkan bí 830°C. Irin D2, irú míì tí wọ́n fi ń ṣe irinṣẹ́, ń fẹ́ ju 1000°C lọ. Tó o bá pe irin ní ohun tí kì í ṣe, owó ti wọgbó.

Nítorí náà, gé pélébé kékeré lára sípíríǹgì kan náà. Fi sínú iná títí òòfà kò fi ní gbé e mọ́, jẹ́ kó tún gbóná díẹ̀ sí i, kó o rì í bọnú epo tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Tó bá tutù, fá a pẹ̀lú fáìlì. Bí fáìlì bá ń yọ̀ lórí rẹ̀ tí kò jẹ, irin náà ń le. Fi ẹmú dè é, wé aṣọ mọ́ ọn, wọ gíláàsì sójú, kó o fi òòlù ṣẹ́ ẹ. Wo ojú ibi tó ti ṣẹ́: tó bá kúnná, tó sì rí rẹ́súrẹ́sú, ó dára, tó bá ní wóro tó ń dán, iná ti pọ̀ jù. Tó o bá rí ibi dúdú tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìlà tí ẹrù ọdún gbọ́ọ́rọ́ dá sí sípíríǹgì yẹn lára ni, má fi ìyókù rẹ̀ ṣòfò. (Irin ródù tí wọ́n fi ń mọlé ńkọ́? Má tilẹ̀ dán an wò. Kò dájú pé á le.)

Ó kan ọ̀bẹ náà fúnra rẹ̀. Torí pé o fi iná rọ ọ́, irin inú rẹ̀ kò tíì fara balẹ̀. Tún mú un gbóná kọjá ibi tí òòfà ti ń gbé e, kó o gbé e síbi tí atẹ́gùn kò ti fẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀. Ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Má sin ín sínú eérú lọ́tẹ̀ yìí o, ìyẹn wà fún ìgbà tó o bá fẹ́ kó rọ̀ láti gé tàbí lu ihò.

Ihò tí ìṣó èkù máa gbà, lù ú báyìí, kó fẹ̀ díẹ̀ ju ìṣó lọ. Tí irin bá ti le, bíìtì dríílì lásán kò ní jẹ ẹ́ mọ́. Òǹtẹ̀ rẹ náà, lù ú báyìí, kó jìnnà sí ẹnu. Ojú tí fáìlíǹgì maṣíìnì fà gbùrù-gbùrù ní ìbú, fi ṣánpépà 120 fà á ní òòró títí ìlà yẹn á fi pòórá, torí ojú ìlà bẹ́ẹ̀ ni lílà ti ń bẹ̀rẹ̀. Igun inú tó wà láàárín ẹnu àti ìrù, fi fáìlì róbótó yí i, má jẹ́ kó mú ṣonṣo. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba: gbé ẹ̀yìn ọ̀bẹ sókè sí ìmọ́lẹ̀ kó o wò ó láti ìrù.

Fọ gbogbo gírísì àti ìnkì kúrò, kó gbẹ, wé e sínú ìwé ìròyìn. Èkù kò gbọdọ̀ sí lára rẹ̀. Ìwé tó o bá so mọ́ ọn kò ní bá a wọnú iná, torí náà fi fáìlì kọ ìrù rẹ̀ nílà: ìlà mẹ́ta fún tìẹ, kí wọ́n má bàa gbé ọ̀bẹ ẹlòmíì fún ọ. Kọ irú irin, bó ṣe nípọn tó àti líle tó o ń fẹ́ sórí ìwé ọ̀tọ̀. Fún ọ̀bẹ tó máa kan egungun, 56 sí 58 lórí ìwọ̀n Rockwell (HRC), tí wọ́n fi ń mọ bí irin ṣe le tó, ti tó.

Tó bá dé, má jẹ́ kí maṣíìnì gbóná mọ́ ọn lára. Fi ọwọ́ lásán dì í mú, tó bá ti ń jó ọ lọ́wọ́, rì í bọnú omi. Bí àwọ̀ búlúù bá fi lè yọ lẹ́nu rẹ̀, líle ibẹ̀ ti lọ.

Kọ́kọ́ ṣẹ́ pélébé yẹn ná. Bó ṣe rí lójú ibi tó ti ṣẹ́, sọ fún mi, kí n tó sọ bóyá 5160 lo máa kọ sórí ìwé.