Èsì: Ará abúlé lè dáàbò bo ẹranko igbó wọn

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ béèrè bóyá ará abúlé lè dáàbò bo ẹranko igbó wọn láìdúró de olówó láti ìlú ńlá. Wọ́n lè ṣe é. Ẹ wo Boabeng àti Fiema ní Gánà, abúlé méjì tí wọ́n jọ ni igbó kan. Ẹdun, tí àwa náà fi ń ki ìbejì, àti ọ̀bọ mona ló ń gbé ibẹ̀. Èèwọ̀ ni pípa wọn. Bí ọ̀kan bá kú, wọ́n á sin ín bí ènìyàn. Nígbà tí àwọn ẹlẹ́sìn kan ṣàìka èèwọ̀ yìí sí, tí wọ́n ń pa wọ́n, ará abúlé ké sí ìjọba, òfin ìjọba ìbílẹ̀ sì jáde ní 1975. Lónìí, wọ́n ń rí owó lọ́wọ́ àwọn àlejò tó ń wá wo àwọn ẹranko náà.

Èèwọ̀ ló ṣáájú òfin, ohun tó wú mi lórí jù nìyẹn. Torí náà, ẹ kọ́kọ́ bi àwọn àgbà àti ọdẹ yín: igbó wo ni a kì í dá oko sí? Ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kí ẹ sì la ọ̀nà iná, ìyẹn ilẹ̀ tí a ro mọ́ kí iná má bàa wọ igbó, yí i ká kí ọyẹ́ tó dé.