Ṣé lóòótọ́ ni àlùbọ́sà ń kojú kòkòrò àrùn?

Bẹ́ẹ̀ ni: omi inú àlùbọ́sà tútù máa ń dá àwọn bakitéríà kan dúró kí wọ́n má lè pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n inú ilé àyẹ̀wò ni wọ́n ti rí èyí jù lọ.

Àlùbọ́sà Malanville (ìlú kan ní Benin) tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ lọ́jà Kétu kì í ta ojú ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí ọ̀bẹ bá kàn án ni ẹ́ńsáìmù kan (èròjà tó ń yí èròjà mìíràn padà) tó ń jẹ́ alliinase máa ń pàdé àwọn èròjà tó ní imí ọjọ́ nínú. Ibẹ̀ ni òórùn, omijé àti agbára tó ń kojú kòkòrò bíi Staphylococcus aureus ti ń wá. Èròjà mìíràn tó ń jẹ́ quercetin náà wà níbẹ̀. Ó pọ̀ jù lára èèpo ìta, èyí tí a máa ń bó sọnù, ó mà ṣe o. Iná máa ń ba ẹ́ńsáìmù yẹn jẹ́, nítorí náà èyí tó ti jinná nínú ọbẹ̀ kò lágbára tó tútù.

Gbígbé àlùbọ́sà sí igun yàrá kì í fa àrùn kúrò nínú afẹ́fẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi lé egbò ọmọdé: ó lè jó awọ ara, kò sì lè dípò oògùn dókítà.