Ẹ̀jẹ̀ tó bára mu kò sọ ẹni tó bí ọmọ

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. O Positive ni mí, O Positive náà ni ọmọkùnrin mi. Láàbù tí mo sanwó fún ládùúgbò wa ní ẹ̀jẹ̀ wa ti bára mu, pé èmi ni bàbá rẹ̀. Wọ́n ní kí n má náwó sí DNA, pé ara òyìnbó ni wọ́n fi ṣe é, kò ṣeé gbọ́kàn lé fún àwa dúdú. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Bàbá kan, Ìbàdàn.

Ìdáhùn: Rárá o, bàbá. Wọ́n dorí ọ̀rọ̀ kodò fún yín, inú sì ń bí mi pé wọ́n gbowó lé e.

Nǹkan bí ìdajì àwa Yorùbá ló jẹ́ O, àwọn tó jẹ́ Negative láàárín wa kò sì pọ̀ rárá. Bí mọ́tò bá já ọkùnrin mẹ́wàá sílẹ̀ ní Ìwó Road, ó ṣeé ṣe kí bíi márùn-ún nínú wọn jẹ́ O Positive bíi tiyín. Ṣé gbogbo wọn ló bí ọmọ náà? Ohun tí irúfẹ́ ẹ̀jẹ̀ lè ṣe ni pé kó yọ ẹnì kan kúrò, torí ọkùnrin tó jẹ́ AB kì í sábà bí ọmọ O. Kò lè fìdí ẹnikẹ́ni múlẹ̀. Genotype náà kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí wọ́n bá sì sọ fún pé AA ni òun, tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ SS, kó tún àyẹ̀wò náà ṣe níbòmíràn kó tó bá ìyàwó rẹ̀ jà. Àṣìṣe pọ̀ nínú àyẹ̀wò yẹn, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà sí èèyàn lára náà sì máa ń da èsì rú.

Ẹ wá wo ti òyìnbó tí wọ́n ń sọ. Irúfẹ́ ẹ̀jẹ̀ kan wà tó ń jẹ́ Duffy. Láàárín àwọn òyìnbó, ó yàtọ̀ láti ẹnì kan sí èkejì, ó sì wúlò díẹ̀ nígbà tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ wá bàbá ọmọ. Ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kò sí Duffy lára ẹ̀jẹ̀ pupa ẹnikẹ́ni nínú wa (òun ni irú ibà kan tó ń jẹ́ vivax kì í fi í rí wa gbé ṣe). Ohun tí gbogbo wa bá jọ ní bákan náà, kò lè yà wá sọ́tọ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ gan-an ni kò lágbára lára wa.

Ní 1985, ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin kan tó ti Gánà padà sí ìlú ọba di àríyànjiyàn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé ìbátan ni òun àti obìnrin tó pè é lọ́mọ, àmọ́ kò lè sọ bóyá ìyá rẹ̀ ni tàbí àbúrò ìyá. DNA, ní ọwọ́ Alec Jeffreys, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará ìlú ọba, ló sọ pé ìyá rẹ̀ ni.

Àyẹ̀wò DNA tòde òní ń ka àwọn ibi kan nínú ohun tí a jogún, níbi tí ọ̀wọ́ lẹ́tà kúkúrú (àmì tí wọ́n fi ń kọ DNA) ti ń tún ara wọn sọ; STR ni wọ́n ń pè é. Ní ibì kọ̀ọ̀kan, ẹ̀dà méjì lèèyàn ní: ọ̀kan wá láti ọ̀dọ̀ ìyá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá. Ibi bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sókè ni wọ́n ń wò. Àwa aláwọ̀ dúdú Áfíríkà ni ìyàtọ̀ inú ara pọ̀ sí jù láyé, nítorí náà ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún wa. Kódà ìdílé 30, bàbá, ìyá àti ọmọ, láti Ìbàdàn yín níbẹ̀ wà nínú HapMap, iṣẹ́ ìwádìí àgbáyé lórí DNA tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2005.

Ohun kan ni kí ẹ bi láàbù tó bá máa ṣe DNA fún yín: ìwọ̀n ẹ̀yà wo ni ẹ fi ń ṣírò? Irú STR tó ṣọ̀wọ́n lára òyìnbó lè wọ́pọ̀ lára wa. Bí wọ́n bá fi ìwọ̀n òyìnbó ṣírò, ìdánilójú tí wọ́n kọ sílẹ̀ lè pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ibi kan ṣoṣo kò bá sì bára mu, ìyẹn nìkan kò tó láti lé bàbá dànù, torí ó máa ń yí padà nígbà mìíràn láti bàbá sí ọmọ. Bí ẹ bá fura pé ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín ló lè bí ọmọ náà, ẹ sọ ọ́ fún láàbù náà ṣáájú.

N kò rí yín, n kò rí ọmọ, ẹ má fi lẹ́tà yìí ṣe èsì. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 fún kóòtù láṣẹ láti ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò, àmọ́ itọ́ tí ẹ bá dá gbà nílé fún DNA láìsí ẹlẹ́rìí lè má wúlò níbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ rí lọ́yà. Kí ìyá ọmọ náà fún láàbù ní itọ́ tirẹ̀, èsì máa ń mọ́lẹ̀ sí i bẹ́ẹ̀.