Má Rẹ́rìn-ín Ohun Tí Kò Yé Ọ: Ìdáhùn sí Aṣẹ̀ṣẹ̀gbàṣẹ́ ní Tokyo

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo ka lẹ́tà rẹ tán, mo sì tún un kà. Kí àwọn òǹkàwé yòókù lè mọ ohun tí à ń sọ, mo gé e kúrú báyìí: o kàwé gboyè ní Osaka, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ìpolówó ọjà fún tẹlifíṣàn ní Tokyo ti gbà ọ́, ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ni wọ́n sì ní kí o bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe ẹ̀yin tuntun jọ kí ẹ lè mọ ara yín, wọ́n fi àwọn ìpolówó kan hàn yín, títí kan èyí tí ajá kan ti ń sọ̀rọ̀. Gbogbo ènìyàn ń rẹ́rìn-ín, ìwọ nìkan ni kò rí ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀, o sì fipá bá wọn rẹ́rìn-ín kí ojú má baà tì ọ́. Ọ̀gá kan wá béèrè èyí tí o fẹ́ràn jù lọ́wọ́ rẹ, o kò sì rí ọ̀rọ̀ sọ. Ìyá rẹ ní kí o máa bá wọn rẹ́rìn-ín lọ títí yóò fi mọ́ ọ lára. Ìwọ ń béèrè bóyá kí o ṣe bẹ́ẹ̀, tàbí kí o kúkú kọ̀wé sí wọn pé o kò wá mọ́.

Má kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, má sì rẹ́rìn-ín ohun tí kò yé ọ. Mo bọ̀wọ̀ fún ìyá rẹ, ìfẹ́ ló mú un sọ̀rọ̀, ìmọ̀ràn rẹ̀ yóò sì wúlò ní ibi iṣẹ́ púpọ̀. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ tí o fẹ́ ṣe yìí, ẹ̀rín èké yóò ba ohun tí o mú wá fún wọn jẹ́.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí ìpolówó wọn fi rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìpolówó tẹlifíṣàn ilẹ̀ Japan kì í ju ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ. Nínú àkókò tó kéré tó bẹ́ẹ̀, ta ló lè ṣàlàyé ohun tí ọjà kan fi dára ju òmíràn lọ? Àwọn ilé iṣẹ́ ibẹ̀ kì í sì í sábà fẹ́ dárúkọ ẹni tí wọ́n jọ ń ta irú ọjà kan náà, kí wọ́n máa bu tirẹ̀ kù lójú ayé. Ohun tí wọ́n ń wá ni pé kí òǹwòran rántí wọn, kí ó sì fẹ́ràn wọn. Obìnrin tó ń kiri ẹ̀kọ láàárọ̀ ní àdúgbò wa kì í ṣàlàyé bí ó ṣe lọ àgbàdo rẹ̀. Orin ló ń kọ, àwọn ará ilé a sì ti dá ohùn rẹ̀ mọ̀ kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà. Iṣẹ́ kan náà ni ajá tó ń sọ̀rọ̀ ń ṣe lórí tẹlifíṣàn wọn.

O ní ajá yẹn ló kọ́kọ́ rú ọ lójú. Láti ọdún 2007 ni SoftBank, ilé iṣẹ́ fóònù, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdílé kan polówó. Ajá funfun ni bàbá wọn, ohùn àgbàlagbà ọkùnrin ló sì fi ń bá wọn wí. Ará Japan ni ìyá àti ọmọbìnrin wọn. Ọmọkùnrin wọn àgbà sì jẹ́ aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, òṣèré Dante Carver. Tún un wò dáadáa. Lójú tèmi, kì í ṣe ajá náà fúnra rẹ̀ ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, bí kò ṣe pé gbogbo ará ilé ń bọ̀wọ̀ fún un bí baálé, tí ẹnikẹ́ni kò sì rí i bí ohun àjèjì. Ilé iṣẹ́ fóònù mìíràn, au, mú àwọn akọni inú àlọ́ ilẹ̀ wọn, Momotaro, Urashima Taro àti Kintaro, ó sì sọ wọ́n di ọ̀rẹ́ ara wọn nínú ìpolówó tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015. Ẹni tí wọn kò pa àlọ́ wọ̀nyẹn fún ní kékeré kò lè mọ ibi tí ẹ̀rín wà níbẹ̀. Wá àlọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kà kí oṣù kẹrin tó dé. Ní ti àwọn aláwàdà tí ojú wọn nìkan ti tó láti dẹ́rìn-ín pa ẹni tó ti ń wò wọ́n láti ọdún pípẹ́, ìyẹn yóò gba àkókò, kò sì sí ohun tí o lè ṣe sí i ju kí o máa wo tẹlifíṣàn lọ.

Èyí tí mo fẹ́ kí o jókòó tì ni ti kọfí BOSS, tí Suntory ń ṣe. Láti ọdún 2006 ni Tommy Lee Jones, òṣèré ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ti ń ṣe ẹ̀dá kan tó ti inú ayé mìíràn wá ṣèwádìí ọmọ ènìyàn. Nínú ìpolówó kan ó ń wa takisí, nínú òmíràn ó ń ṣe lébìrà níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Aṣẹ̀ṣẹ̀gbàṣẹ́ ni lójoojúmọ́ ayé rẹ̀. Wo ojú rẹ̀. Kì í fipá rẹ́rìn-ín. Ó ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un, ó ń wo àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe é, a sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ bí ó ṣe ń ròyìn pé báyìí báyìí ni àwọn tó ń gbé ayé yìí ń ṣe. Lẹ́yìn náà ni yóò mu kọfí inú agolo rẹ̀. Àwọn ará Japan fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, mo sì gbà pé ohun tí wọ́n fẹ́ràn ni pé ó ń rí iyì làálàá tí àwọn fúnra wọn kò fojú sí mọ́.

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òótọ́ ni nípa ọ̀pọ̀ nǹkan, ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ ìpolówó, àlejò a máa rí ohun tí onílé kò rí. Ní 2014, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ANA gbé ìpolówó kan jáde tí aláwàdà kan ti de irun aláwọ̀ wúrà, tó sì fi imú gígùn sójú láti fara jọ òyìnbó. Àwọn àjèjì fi ẹ̀hónú hàn, ilé iṣẹ́ náà sì tọrọ àforíjì. Ní 2019, Nissin, tó ń ṣe núdùsì, ya Naomi Osaka, agbábọ́ọ̀lù tẹníìsì tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Haiti, ní àwòrán kátúùnù pẹ̀lú awọ funfun. Wọ́n yọ ìpolówó náà kúrò, wọ́n sì bẹ̀bẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ni méjèèjì, owó kò sì wọ́n wọn. Ẹni kan tí ojú rẹ̀ yàtọ̀, tó wà nínú yàrá nígbà tí wọ́n ń fi àwòrán náà han ara wọn, tó sì sọ pé èyí kò dára, ìbá ti gbà wọ́n sílẹ̀. Bí o bá ti mọ́ra láti máa bá wọn rẹ́rìn-ín, ní ọjọ́ tí irú rẹ̀ bá dé iwájú rẹ, ìwọ náà yóò rẹ́rìn-ín kọjá lórí rẹ̀.

Àmọ́ ọ̀nà wà tí wọ́n ń gbà sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ó sì yẹ kí o mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe inú ìpàdé, lójú oníbàárà, ni o ti máa sọ pé nǹkan kò dára. Lọ bá àgbà tí wọ́n fà ọ́ lé lọ́wọ́, kí o fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ ọ́ ní kọ̀rọ̀ ṣáájú ìpàdé. Bí àwọn fúnra wọn ṣe ń ṣe nìyẹn, ẹnì kan lẹ́yìn ẹnì kan, títí ọ̀rọ̀ yóò fi dọ́gba. Bí o bá sì fẹ́ lóye ẹ̀rín wọn, má béèrè pé kí ló pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ kò ní lè dáhùn. Béèrè pé ibo gan-an ni ẹ̀rín ti kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu wọn. Wọn yóò nawọ́ sí àwòrán kan tàbí ọ̀rọ̀ kan, ìwọ yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní ti ìtìjú tó ń dà ọ́ láàmú, rántí pé ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá ní Japan máa ń gba àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé lẹ́ẹ̀kan náà, láìwò ó bóyá wọ́n ti mọ iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀, wọn a sì kọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí ẹ jọ jókòó lọ́jọ́ náà kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ìpolówó jù ọ́ lọ. Èdè ni wọ́n fi jù ọ́.

Bí ọ̀gá yẹn bá tún bi ọ́ léèrè, sọ fún un pé èyí tí ajá ti jẹ́ bàbá ni o ń rò jù, kí o sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe rí i nígbà tó kọ́kọ́ jáde. Bá mi kí ìyá rẹ, kí o sì kọ̀wé sí mi ní oṣù karùn-ún.